Ẹ bi wá ní ohun tí a tú

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń kọ lẹ́tà sí olóòtú rárá, orí fóònù ni mo ti máa ń kà yín tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ díẹ̀, tí mo bá sì kà á tán màá ju fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Àmọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn, èyí tí ẹnì kan ti ń gba àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ọnà nímọ̀ràn nípa ohun tó ṣe pàtàkì jù, kò jẹ́ kí n sinmi. Mo gbé e lọ sídìí òfì, mo ń bá ẹni tó kọ ọ́ jiyàn nínú ikùn mi, mo ń ju ọ̀kọ̀ sọ́tùn-ún, mo ń jù ú sósì, ìgbà tí màá fi wojú aṣọ, mo ti ṣi ẹsẹ̀ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Mo tú gbogbo ẹ̀. Ìgbà tí mo tú u tán ni mo sọ fún ara mi pé ó dáa, jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè ráyè hunṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí èmi àti ẹ̀ ti jọ gbà. Ó ní kí oníṣẹ́ ọnà mọ iye tí iṣẹ́ òun tó, kó má sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Òótọ́ ni. Ó ní kéèyàn máa ya fọ́tò iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, òótọ́ nìyẹn náà, èmi fúnra mi ò mọ fọ́tò yà, gbogbo búlúù mi ló máa ń di dúdú nínú fóònù. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo fẹ́ bú owó, wọn kì í fún mi ní òwú lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tó ti wá bí mi nínú ni ibi tó ní ká máa yára parí nǹkan, ká máa gbé e síta lójoojúmọ́, ká má bojú wẹ̀yìn, tó tún wá fi lé e pé kò sí ohun tó ń jẹ́ àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọnà, pé ẹ̀bùn ni àṣìṣe. Ẹ̀bùn látọ̀dọ̀ ta ni? Ọdún 27 ni mo ti fi wà nídìí aṣọ, mo ń hun ún, mo ń rẹ ẹ́ láró, mo ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sí i lára, nínú gbogbo àṣìṣe tí mo sì ti ṣe, bóyá méjì ni mo lè na ọwọ́ sí pé ẹ̀bùn rèé. Ìyókù, àṣìṣe lásán ni wọ́n. Oorun ló ń kùn mí, tàbí mò ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tàbí mi ò ka òwú dáadáa. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yìí torí ó dùn létí, ó sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ iṣẹ́ kan tí kò dùn rárá, ìyẹn títú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì jókòó sídìí òfì rí, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Kí aṣọ tó bẹ̀rẹ̀, èèyàn á kọ́kọ́ ta òwú òòró. Èyí tó wà lórí òfì mi báyìí jẹ́ òwú 640. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ ló ní ojú tó gbọ́dọ̀ gbà kọjá, tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, èyí á máa gòkè nígbà tí ìkejì ẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn ló máa fún ọ̀kọ̀ láyè láti gbé òwú ìbú kọjá láàárín wọn. Ọjọ́ méjì àtààbọ̀ ni mo fi tò ó, ẹ̀yìn ń ro mí, ojú ń ta mí, kò sì sí nǹkan kan tí mo lè fi han èèyàn. Ẹni tó bá wọlé nígbà yẹn, okùn ló máa rí. Á tún wá bi mí pé ìgbà wo gan-an ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ jàre! Gbogbo ohun tí aṣọ yẹn máa jẹ́, ìdajì ẹ̀ ti wà ńbẹ̀ kí ọ̀kọ̀ tó kọjá lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́dún tó kọjá mo ta irú òwú bẹ́ẹ̀, mo wá gbé òwú 211 gba ojú 212, mo gbé 212 gba ojú 211. Ìyẹn nìkan. Mo hun ún lọ, ó ń dùn mọ́ mi, mo ti hun tó apá kan àtààbọ̀ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó gba ojú fèrèsé wọlé tó sì bá aṣọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wá rí i. Ìlà tín-ín-rín kan látòkè délẹ̀, bí irun orí tó já sínú omi. Tí iná bá tàn sí i lókàn-ánkán, ẹ ò lè rí i. Àfi tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wá. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Mà, ta ló máa rí i?"

Mo ronú sí i dáadáa torí ìbéèrè gidi ni. Mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹni tó ní kí n hun ún ò ní rí i, àwọn tó máa jókòó síwájú ẹ̀ ò ní rí i, kámẹ́rà gan-an ò lè rí i. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Títú le ju híhun lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Ẹ ò lè fà á yọ lẹ́ẹ̀kan bíi ti swẹ́tà. Ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ máa ṣí, ẹ máa yọ ọ́, ẹ máa ká a padà, ẹ tún ṣí èyí tó kàn. Òwú tí wọ́n bá tú lẹ́ẹ̀mejì á máa yọ irun, á rẹ̀, kì í jọ ara ẹ̀ mọ́, nígbà míì ẹ ò lè lò ó mọ́ rárá. Ohun tó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin láti hun, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi tú u, ọmọ yẹn ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ti dàrú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí ni mo fẹ́ gbé síta lójoojúmọ́ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́fà yẹn? Fọ́tò aṣọ tó ń kéré sí i?

Kí ẹ má bàa rò pé mo fẹ́ fi ara mi ṣe ẹni mímọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí mi ò tú. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá báyìí. Iléeṣẹ́ kan ní kí n hun aṣọ ńlá fún ògiri àbáwọlé wọn, wọ́n ń kán mi lójú, wọ́n ń pè mí láràárọ̀. Mo rẹ òwú búlúù ẹ̀ fúnra mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ aró ẹlú, ẹ mọ̀ pé kì í gbọ́ ti ìkánjú. Búlúù ẹlú kì í yòrò sínú omi bó ṣe wà, àfi kí ìkòkò aró kọ́kọ́ pọ́n dáadáa, kí atẹ́gùn má sí nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ òwú jáde, yẹ́lò tó fẹ́ jọ ewé ló máa jẹ́, ìgbà tí atẹ́gùn bá kàn án ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù lójú yín báyìí báyìí. Ohun tó ń mú kó jinlẹ̀ ni kí ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó mí, kí ẹ tún rẹ ẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà. Òwú tó yẹ kí n rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo rẹ apá kan ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà torí ìpè tẹlifóònù. Ó hàn nínú aṣọ náà, apá òsì nísàlẹ̀, ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ju ìyókù lọ. Àwọn tó ni ín fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún mi níbẹ̀ pé ibi tó fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló wu òun jù, pé ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Mo dúpẹ́, mo rẹ́rìn-ín. Títí di òní, tí ọ̀nà bá gbé mi gba ibẹ̀, mi ò kì í lè wo ibòmíì lára aṣọ yẹn, àfi igun òsì yẹn, inú mi á sì rú. Wọ́n ti sanwó, wọ́n ti yìn mí, kò yí i padà.

Ohun tí mo fẹ́ bá òǹkọ̀wé yín sọ nìyẹn. Ìyìn ò lè bá èèyàn tú nǹkan. Tí ojú ara tiẹ̀ bá ti sọ fún un pé ibí yìí ò tíì tó, ẹgbẹ̀rún láìkì ò lè sọ pé ó ti tó. Bákan náà tí ojú ẹ̀ bá sọ pé ó ti tó, tí gbogbo ayé ní kò dáa, ohun tó tó náà ló tó. Ojú yẹn ni mo rò pé èèyàn ń fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ nídìí iṣẹ́ ọnà. Ọwọ́ tètè ń mọ nǹkan, láàárín ọdún mélòó kan ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n. Ojú ló ń pẹ́.

Àmọ́ ojú náà lè ya wèrè o! Ọdún kan wà tí mi ò parí aṣọ kankan. Bí mo bá hun díẹ̀ màá tú u, màá tún un hun, màá tún tú u, mò ń pe ara mi ní ẹni tó fẹ́ nǹkan tó péye, irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí aṣọ bá ṣì wà lórí òfì, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò dáa. Ọ̀gá mi obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ló wá bá mi lálejò, ó jókòó tì mí fún bíi wákàtí kan kò sọ nǹkan kan, ó wá mú sísọ́ọ̀sì, ó gé aṣọ náà kúrò lórí òfì níbi tó dé. Báyẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní, "Ó ti parí, lọ ta òmíràn." Aṣọ yẹn kúrú, kò gún régé, ó wà nínú àpótí mi títí dòní, mi ò sì ní tà á.

Lára ìdí tí mo fi fẹ́ràn aṣọ Bayeux nìyẹn, aṣọ kan tó ti wà láti ọ̀rúndún kọkànlá, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Bayeux ní Faransé pè. Gbogbo èèyàn ń pè é ní aṣọ híhun, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni, òwú irun àgùntàn lórí aṣọ ọ̀gbọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà 70. Aṣọ ọ̀gbọ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n so pọ̀. Ibi tí wọ́n ti so àkọ́kọ́ mọ́ ìkejì, ẹ wò ó dáadáa tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ẹ̀, ìlà etí òkè ò bára mu, èyí ga, èyí rẹlẹ̀. Wọn ò tú u. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n bá iṣẹ́ lọ, nígbà tí wọ́n fi máa dé àwọn ojú ìsopọ̀ tó kù, wọ́n ti mọ̀ ọ́n débi pé agbára káká lèèyàn fi lè rí ibi tí wọ́n ti rán an. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn tó rán an. Mo sì máa ń rò ó pé ẹnì kan á ti rí ìlà yẹn, á ti pe ẹnì kejì wá wò ó, wọ́n á ti jiyàn lé e lórí, ẹnì kan á wá sọ pé ẹ jẹ́ ká máa lọ, nǹkan tó wà níwájú pọ̀. Ìpinnu nìyẹn. Yàtọ̀ sí ká má rí i rárá.

Títú náà kì í sì ṣe ti àṣìṣe nìkan. Magdalena Abakanowicz, ọmọ Pólàńdì, ẹ lọ wo iṣẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ráyè. Ibi tí ó ti rí òwú ni okùn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti jù nù, okùn sísálì, á kó o wálé, á tú u ní fọ́nrán fọ́nrán, á rẹ ẹ́ láró, òun ló wá fi hun àwọn nǹkan ràgàjì tó ń so rọ̀ látòkè àjà ní àárín ọdún 1960 sí 1970, ohun tí wọn ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni fi òwú ṣe, wọn ò mọ orúkọ tí wọ́n máa pè é, wọ́n wá fi orúkọ obìnrin náà fúnra ẹ̀ pè é, Abakan. Lọ́dún 1965 ó gba góòlù níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà São Paulo. Mo máa ń ro ti okùn yẹn. Okùn tó nípọn tó ọwọ́ èèyàn, tí iyọ̀ òkun ti gbẹ mọ́ lára, kéèyàn jókòó kó máa tú u kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ ya fídíò ìyẹn?

Àwọn obìnrin Gee's Bend náà ńkọ́, ní Alabama, Amẹ́ríkà. Ṣòkòtò iṣẹ́ oko tó ti gbó ni wọ́n ń já, wọ́n ń gé e, wọ́n ń rán an pọ̀ di aṣọ ìbora kí ọmọ má kú sínú òtútù. Orúnkún ṣòkòtò yẹn ti ṣá, ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ rekete bí ẹni pé àná ni wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì gbé e síbi tó yẹ kó wà. Wọ́n ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Whitney ní New York tó so ó mọ́ ògiri lọ́dún 2002. Iṣẹ́ náà ti pé kí ògiri yẹn tó dé. Kò pé sí i lọ́dún 2002.

Èyí tó máa ń jẹ́ ìyanu fún mi jù nínú gbogbo wọn ni Anni Albers. Ọdún 1922 ló wọ iléèwé iṣẹ́ ọnà Bauhaus ní Jámánì, kì í ṣe aṣọ híhun ló wù ú, àmọ́ ìdí òfì ni wọ́n ń darí àwọn obìnrin sí. Ó jókòó tì í bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó fi gbàwé ẹ̀rí lọ́dún 1930, aṣọ fún gbọ̀ngàn ńlá kan ni, ojú kan ẹ̀ ń gba ìró ohùn mọ́ra, ojú kejì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ó fi òwú àti cellophane, ìyẹn nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán bí ọ̀rá, hun ún. Ọdún 1933 wọ́n ti iléèwé náà pa, òun àti ọkọ ẹ̀ kọjá sí Amẹ́ríkà, nígbà tó di 1949, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà MoMA pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀ nìkan, kò tíì sí ahunṣọ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún níbẹ̀ rí. Àmọ́ èyí gan-an kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó bá ọkọ ẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán sórí ìwé, wọ́n ní kí òun náà dán an wò, ó wù ú, nígbà tó fi máa di bí ọdún 1970 ó ti fi òfì sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ òwú! Ó gbé òfì lọ fún ẹlòmíì. Ẹ gbọ́, èmi ò lè ṣe é. Mo ti jókòó wo òfì mi lálẹ́ tí mo ń bi ara mi pé ṣé mo lè ṣe é, mi ò lè ṣe é, ó kéré tán kì í ṣe lọ́dún yìí.

Nǹkan kékeré kan kí n tó gbàgbé. Ọmọ iṣẹ́ mi fi fọ́tò aṣọ kan hàn mí lórí fóònù, ó ní kọ̀ǹpútà ló ya á, pé èèyàn kàn sọ ohun tó fẹ́, ó sì yọ síta. Ó rẹwà, kí n má purọ́. Mo wá fẹ̀ ẹ́ sí i pẹ̀lú ìka mi méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé òwú kan, òwú pupa. Ó gba abẹ́ òwú mẹ́ta, ó yọ sókè, ó tún wọlẹ̀, kò jáde mọ́. Mo wá a títí. Òwú méjì míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ di ọ̀kan ṣoṣo láìsí ìdí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní ìyẹn á dára sí i láìpẹ́, ó ṣeé ṣe, mi ò bá a jà. Mo kàn sọ fún un pé aṣọ yẹn kò ṣeé tú.

Òun náà ti ń mọ̀ ọ́n o. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo dé láàárọ̀, mo bá a tó ti jókòó sídìí òfì kékeré tiẹ̀, ó doríkodò, òwú tó ti tú wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Mo wo ohun tó kù lórí òfì, mo wò ó lókàn-ánkán, mo wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo fẹ́ bi í, mo gbẹ́nu mi dákẹ́. Ó rí nǹkan tí èmi ò rí.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ máa ń fọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣẹ́ ọnà lẹ́nu wò, mo sì máa ń kà á. Ìbéèrè yín kì í yàtọ̀: ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀, ta ló kọ́ yín, ẹlòó lẹ ta èyí tó wọ́n jù, kí ni ìmọ̀ràn yín fún àwọn ọ̀dọ́. Tẹ́ ẹ bá tún rí ẹnì kan nínú wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bi í pé kí ló tú lọ́sẹ̀ yìí, ta ló sọ fún un pé kó tú u. Tó bá pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ ní sùúrù fún un.

Mo kí gbogbo yín. Ìlà mẹ́jọ ni mo ní kí n tún hun kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi ni,
Ahunṣọ kan tó ń kà yín

Àfikún: Mo fẹ́ fi fọ́tò aṣọ tó wà lórí òfì ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ọmọ iṣẹ́ mi ló yà á. Mo ní kó ya ẹ̀yìn ẹ̀, níbi tí àwọn ìdí òwú wà. Tí kò bá mọ́lẹ̀ tó láti tẹ̀ jáde, ẹ fi í sílẹ̀.